Iná Tí A Pa Tí Kò Kú

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà 2025

Mo ti di ìyàwó ilé! Mo mọ̀ pé mo ti kọ ọ́ síbí lánàá àti níjẹta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo lajú láàárọ̀ yìí tí mo rí Àjàgbé tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó sì ń kọrin sábẹ́ ibẹ̀, ó tún ṣe mí bíi pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Toheeb ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi, oríkì rẹ̀ ni mò ń pè é, nítorí mo ti rí i pé bí mo bá ti ní "Àjàgbé" báyìí, kò sí ohun tí kò ní bá mi gbé.

Ọ̀gá Joseph wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Okókómaíkò lónìí. Ọmọ Ìbò ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ́ ni wọ́n bí wọn sí, Yorùbá wọn já geere ju ti àwọn kan tí a jọ dàgbà ní Ìsẹ́yìn lọ. Iná sólà tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ni wọ́n ń tà ní Àlàbá. Wọ́n ní èyí tí àwọn ń kó wọlé láti òkè òkun, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ló ń kú. Wọ́n wá kó bọ́ọ̀dù lásán wá, wọ́n kó àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń wọ orí rẹ̀ wá, wọ́n ní kí a fi ọwọ́ ara wa jó o pọ̀.

Ogójì àkọ́kọ́, ti ìdánwò ni. Wọ́n máa kọ́ wọn síta ilé àwọn èèyàn ní Ọ̀tọ̀-Àwórì kí òjò pa wọ́n dáadáa. Bí wọ́n bá yè é, gbogbo iṣẹ́ tó kù di tiwa, iṣẹ́ tí kò ní tán láàárín ọdún. Bí wọn ò bá yè é, Àjàgbé á lọ Sókótó. Bọ̀ọ̀dá Ọlátúnjí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti bá a wá iṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú òpó fóònù, kí oṣù keje tó parí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Yàrá tí wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin jọ sí ni wọ́n máa fún un. Kò sáyè ìyàwó níbẹ̀, ọdún kan gbáko sì ni.

Ọdún kan! Aṣọ ìgbéyàwó wa ṣì wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀!

Kò ní í lọ. Èmi ni mò ń jó bọ́ọ̀dù, òun ló ń to wáyà àti bátìrì. A máa ṣe é.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

A lọ sí Àlàbá lọ ra fúlọ́ọ̀sì, nítorí láìsí i, lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó bọ́ọ̀dù á kàn máa yí gbiri bí omi lórí ewé kókò ni, kò ní í di nǹkan kan mú. Owó ọkọ̀ láti Ìyànà-Ìbà ti tún lé. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ní epo ló fà á. Lóṣù tó kọjá, ó ní òjò ló fà á.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Mùsítúrà ni a máa ń ra nǹkan. Bí wọ́n ṣe rí mi báyìí:

"Ìyàwó ọ̀ṣìngín! Eyín ẹ ò tíì wọlé láti ọjọ́ ìgbéyàwó?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Fúlọ́ọ̀sì la wá rà."

"Mo gbọ́. Pa ẹnu dé ná kí eṣinṣin má kó sí i."

Wọ́n to mẹ́ta síwájú wa. Èkíní wà nínú agolo, ó pọ́n bíi bọ́tà. Wọ́n ní ti àwọn tó ń tún rádíétọ̀ mọ́tò ṣe nìyẹn, ásíìdì rẹ̀ gbóná, bí a bá fi sí bọ́ọ̀dù, kò ní í pẹ́ tí gbogbo wáyà á fi dípẹtà. Èkejì, oje igi ni, ó dì gbagidi bíi súìtì, bí iná bá kàn án, ó ń rùn bíi tùràrí. Ó dáa, ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, wíwẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ dànù. Ẹ̀kẹta wà nínú ike abẹ́rẹ́ bíi ti nọ́ọ̀sì.

"Má-fọ̀-mí ni gbogbo Àlàbá ń pe eléyìí," ni Àǹtí wí. "Fi ìwọ̀nba síbẹ̀, jẹ́ kí iná kàn án délẹ̀, ó parí. Má tọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́."

Àjàgbé fẹ́ oje igi, nítorí òun ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ń lò. Èmi fẹ́ má-fọ̀-mí. A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn níwájú ọjà ọlọ́jà.

Àǹtí Mùsítúrà yíjú sí i. "Ta ni baálé?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń jó bọ́ọ̀dù?"

"Òun ni."

"Ó dáa, baálé. Yọ owó."


Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Mo jó bọ́ọ̀dù láti àárọ̀ títí ọrùn mi fi gan. Má-fọ̀-mí yìí dára! Lẹ́ẹ̀dì ń sáré sí ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀, ó ń dúró síbẹ̀ ṣóńṣó. Ohun tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ kàn dà bí ìgbà tí ìgbín gba ibẹ̀ kọjá. Àjàgbé ń fẹ́ èéfín kúrò lójú mi pẹ̀lú páálí. Ó ní láyé òun, òun ò rí ẹni tí èéfín lẹ́ẹ̀dì yẹ tó mi.

Irọ́ ni o. Ó ṣáà dùn létí.


Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà

Iléyá! Iléyá àkọ́kọ́ wa! Mi ò lè kọ nǹkan kan, ọ̀rá ẹran wà lọ́wọ́ mi dé ìgúnpá.


Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà

Ìyá Àjàgbé wá kí wa, wọ́n gbé ẹran tó kù wá. A mú wọn lọ wo iṣẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti to gbogbo bọ́ọ̀dù sórí tábìlì kalẹ̀ kí wọ́n lè rí i kí wọ́n sì yìn mí.

Màmá mú ọ̀kan, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Ìyàwó mi, kí ni èyí tó dà bí ikun ọmọ sára rẹ̀ yìí?"

"Fúlọ́ọ̀sì ni, Màmá. Wọ́n ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Mi ò sọ nǹkan o."

Yéè! Ta ni kò mọ ohun tí "mi ò sọ nǹkan" túmọ̀ sí lẹ́nu ìyá ọkọ? Ìyàwó tí kò tíì pé oṣù kan nílé ọkọ! Ní ilé wa, ojú ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìyàwó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé, mo gbá àgbàlá Màmá títí yẹ̀pẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èmi ni wọ́n máa wá rí ikun lára iṣẹ́ mi?

Bí wọ́n ti ń lọ báyìí ni mo gbé sípírítì tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti àkísà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Mo nù ún, mo fọ̀ ọ́, mo fi àkísà fà á gbẹ. Nígbà tó ku mẹ́rin, sípírítì tán. Mo ti mẹ́rin yẹn sí ìsàlẹ̀ páálí kí ojú ẹnikẹ́ni má baà tètè kàn wọ́n.

Àjàgbé gbé ọ̀kan sókè. "Ó ń dán bí eyín ọmọ tuntun!"

"Ọmọ tuntun kì í léyín."

"Tiwa máa ní."

Mo ju àkísà lù ú.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà

A kó gbogbo rẹ̀ lé Ọ̀gá Joseph lọ́wọ́, àti bọ́ọ̀dù, àti ike, àti sólà, gbogbo rẹ̀ ti wọ inú ara wọn. Wọ́n tan ọ̀kan, wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. "Ìyàwó, o gbọ́n ju ọkọ ẹ lọ." Àjàgbé ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

A ti kọ́ wọn tán ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Bàbá Akínkúnmi ló fi ojú ilé wọn àti ti àwọn aládùúgbò wọn sílẹ̀ fún wa. Àgbà ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe ibi tí kálukú máa wà bí ẹni tó ń yan òṣìṣẹ́. Oòrùn mú gan-an. Ata rodo ti gbówó lórí débi pé obìnrin tó ń tà á ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí oògùn.


Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹfà

Òjò dé! Láti ìdájí! Igun kan yàrá wa ń jò, a gbé ike síbẹ̀, ó ń ró tó, tó, tó, Àjàgbé sì ń jó sí i. Iná wa wà níta Ọ̀tọ̀-Àwórì, ó ń jẹ́ ọkùnrin!


Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Kò jẹ́ ọkùnrin.

Bàbá Akínkúnmi pè wá láàárọ̀.

"Ìyàwó, ẹ wá wo iná yín o. Mo pa á, kò kú."

"Ẹ tún súìṣì rẹ̀ tẹ̀, Bàbá."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń ké. Ó kàn ń wò mí ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí, bí ojú ológbò. Láti àná tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ni. Ìyá kan ní ọ̀nà ìsàlẹ̀ ti ń gbàdúrà sábẹ́ tiẹ̀, ó ní iná ẹ̀mí ni."

"Ṣé ó ń tàn dáadáa ní àṣálẹ́?"

"Èwo ni àṣálẹ́? Kí ilẹ̀ tó ṣú, bátìrì ti tán. Nígbà tí a wá nílò ẹ̀, òkú ni."

Mo sọ fún Àjàgbé. Ó kàn wọ bàtà òdì, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹfà

Ọ̀gá Joseph wọlé pẹ̀lú àpò kan léjìká, iná wà nínú rẹ̀, àwọn kan ṣì ń tàn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ nínú àpò níbẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ wò ó. Iná tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tó ń sùn lálẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa wá. Iná ìjọba nìyẹn. Ta ni mo fẹ́ tà á fún?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde.

"Ẹ fún wa láyè, Ọ̀gá," ni Àjàgbé wí.

"Mo fún yín títí di àárín oṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ràn yín ni o. Ṣùgbọ́n bí òjò bá tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, màá padà sọ́dọ̀ àwọn ará òkè òkun. Tiwọn ń kú, àmọ́ bó bá kú, ó kú náà nìyẹn."

Ní ìrọ̀lẹ́, Bọ̀ọ̀dá Ọlátúnjí pè láti Sókótó. Àjàgbé jáde lọ dá wọn lóhùn. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá. Màá jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná." Ohùn rẹ̀ kò dà bíi tirẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, mo wá rántí pé ìrẹsì wà lórí iná, mo dìde.


Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹfà

A tú àwọn iná tó ya wèrè tí Ọ̀gá Joseph kó wá. Ìdí ẹsẹ̀ gbogbo wọn funfun bí ojúgun ẹni tí kò para lásìkò ọyẹ́.

"Mo sọ fún ẹ pé oje igi ni ká rà," ni Àjàgbé wí.

"O sọ fún mi, àbí o bá mi jiyàn?"

"Méjèèjì."

Ìjà àkọ́kọ́ wa nìyẹn. Mo kọjú sí ògiri, òun náà kọjú sí ògiri kejì. Nígbà tó yá, ó jáde, ó padà pẹ̀lú àgbàdo sísè àti àgbọn, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Ìjà parí. Bí ìjà bá máa ń rí báyìí, mi ò kọ̀ kí a máa jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.


Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹfà

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kíákíá kí ó má fò lọ lórí mi!

A lọ kó ìyókù ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Òjò winniwinni ń sẹ̀. Gbogbo iná tí a pa ń tàn bàìbàì káàkiri àdúgbò lọ́sàn-án gangan, àfi bí ẹni pé àwọn ilé ń ṣẹ́jú sí wa. A ti ń tú èyí tó wà lójú ilé Bàbá Akínkúnmi nígbà tí wọ́n ní:

"Ti ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ìyẹn ò ya wèrè."

"Kò ya wèrè, báwo, Bàbá?"

"Bí mo bá pa á, á kú. Bí mo bá tàn án, á tàn. Ẹ̀gbẹ́ ilé ewúrẹ́ ló wà, omi òrùlé ń dà sí i lórí, kò mira."

Mo sáré lọ síbẹ̀. Mo ní kí Àjàgbé tú u. Ó tú u. Ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ikun! Ọ̀kan nínú mẹ́rin tí mi ò rí sípírítì nù ni! Mo pariwo débi tí ewúrẹ́ já okùn.

"Àjàgbé! Èyí tí mo fọ̀ ló ya wèrè! Èyí tí mi ò fọ̀ ló gbádùn!"

Ó wò mí. Ó wo bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Orúkọ ẹ̀ ni má-fọ̀-mí."

"Mo mọ̀!"

"Ó bẹ̀ ọ́."

Bàbá Akínkúnmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, bẹ́ ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ bá mi wá ewúrẹ́ mi."


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹfà

Àǹtí Mùsítúrà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú.

"O fi sípírítì oníkẹ́míìsì nu má-fọ̀-mí! Pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín!"

"Ìyá ọkọ mi ló rí ikun, Àǹtí."

"Ó yé mi. Èmi náà ti ṣe ìyàwó rí." Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Wọ́n ní bí fúlọ́ọ̀sì yẹn bá ti gbóná délẹ̀ tó sì tutù, ńṣe ló ń dì bíi gíláàsì, á ti ásíìdì inú rẹ̀ mọ́lé. "Ìwọ wá fi sípírítì ṣílẹ̀kùn fún un, o fi àkísà tàn án káàkiri ojú bọ́ọ̀dù. Bí ọ̀rinrin bá kàn án báyìí, iná á máa yọ́ gbabẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Bẹ́ ẹ bá pa súìṣì, kò kàn án."

"Kí la máa wá ṣe sí èyí tí mo ti nù?"

"Wẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀. Ẹni tó bọ́ ojú nìkan, ṣé ó ti wẹ̀ nìyẹn? Èyí tó o bá sì ń jó lẹ́yìn èyí, ṣíwọ́ kúrò lára ẹ̀."

Wọ́n ní kí n má ra sípírítì oníkẹ́míìsì mọ́, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí àwọn atẹ̀wé fi ń nu ẹ̀rọ wọn ni kí n wá. Mo mọ ibi tí mo ti máa rí i. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ fóònù lẹ́yìn wáyẹ́ẹ̀kì, ní Ìyànà-Ìbà, atẹ̀wé ló kún ibẹ̀.


Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹfà

Ọjọ́ ìwẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ń rùn débi tí orí mi fi fúyẹ́, a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, mo sì ní kí Àjàgbé má tan nǹkan kan, kódà áyọ́ọ̀nù tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì.

Abọ́ mẹ́ta, sípírítì atẹ̀wé ló wà nínú wọn. Mo rẹ bọ́ọ̀dù sínú àkọ́kọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun gbọ́n abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan. Mo ṣàn án nínú ìkejì. Mo wá tẹ̀ ẹ́ bọ ìkẹta, tó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara nígbàkígbà, bí a ṣe ń ṣan ẹ̀wà títí omi rẹ̀ á fi ṣeé mu. Bí ìkẹta bá ti ń pọ́n díẹ̀, mo sọ ọ́ di ìkejì, mo bu òmíràn. Kò sí àkísà. Mo gbé wọn dúró gbọnrangandan kí ó ro kúrò.

Wàyí o, oòrùn dà? Láti ìjẹta ni ojú ọ̀run ti di bíi ìkòkò. Nígbà tí sípírítì ti ro tán pátápátá tí òórùn rẹ̀ ti lọ, mo kó bọ́ọ̀dù sínú atẹ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ṣàkírát onídìrí tó wà ní òdìkejì títì.

"Ṣàkírát, jọ̀ọ́, jẹ́ kí àwọn ọmọ mi jókòó sábẹ́ díráyà rẹ."

"Àwọn ọmọ wo?" Ó wo inú atẹ. "Ìyàwó, ṣé ara ẹ yá?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni. Kí òtútù má mú wọn."

Oníbàárà kan tó ń dúró ní, "Ẹ fún wọn láyè. Irun tiwọn kúrú, kò ní í pẹ́." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Bí bọ́ọ̀dù wa ṣe jókòó sábẹ́ díráyà nìyẹn, ìpele ìpele, bí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó lówùúrọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹfà

Mo gbé ìkòkò omi kaná nínú kíṣìnnì. Mo so bọ́ọ̀dù mẹ́ta sókè rẹ̀ níbi tí ooru ń dé, mo fi bátìrì sí wọn, mo pa súìṣì wọn. Ọ̀kan, èyí tí mo nù lábọ̀. Ọ̀kan, èyí tí mi ò fọwọ́ kàn. Ọ̀kan, èyí tí mo wẹ̀ délẹ̀.

Kò tíì tó àkókò tí ẹyin máa jinná tí èyí àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú ológbò. Àwọn méjì yòókù dúró ṣókùnkùn. A dúró. A dúró. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nínú ìkòkò. Ṣókùnkùn!

Àjàgbé gbé mi sókè débi tí orí mi fi kan àjà.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje

A gbé ìdánwò wa lọ sí Àlàbá. Ọ̀gá Joseph ní àwọn ò ní ìkòkò ní ṣọ́ọ̀bù, a bá gbé e lọ sí ìdí kẹ́tù ọkùnrin tó ń ta ṣáì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èrò pé jọ. Àwọn aláàárù sọ ẹrù kalẹ̀.

"Èwo nínú àwọn mẹ́ta yìí lẹ lè rà?" mo bi Ọ̀gá Joseph.

Wọ́n tọ́ka sí èyí tí mo nù lábọ̀, tó ń dán.

"Ẹ máa wò ó."

Kẹ́tù hó. Ooru gòkè. Èyí tó ń dán bẹ̀rẹ̀ sí í tàn fúnra rẹ̀, èrò pariwo bí ẹni tí bọ́ọ̀lù wọlé. Oníṣáì ní òun ò ta ṣáì fún iná.

Ọ̀gá Joseph tẹjú mọ́ èyí tó ní ikun. "Eléyìí tó dọ̀tí ló sùn?"

"Kò dọ̀tí, Ọ̀gá. Ìyẹn ni aṣọ òjò rẹ̀. Èmi ni mo bọ́ ọ lára àwọn yòókù. Mo ti wẹ àwọn yẹn mọ́ báyìí, ẹ wo ọ̀kan nínú wọn níbí, òun náà sùn. Tuntun tí màá jó, mi ò ní í fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ìyàwó, ta ló kọ́ ẹ láti nù ún tẹ́lẹ̀?"

Mi ò lè dárúkọ ìyá ọkọ mi lójú ọjà. Mo wo ilẹ̀. Àjàgbé ní, "Ìfẹ́ ni, Ọ̀gá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ooru kẹ́tù kì í ṣe òjò Ọ̀tọ̀-Àwórì. Kí a lọ kọ́ gbogbo rẹ̀ padà. Bí òjò gidi bá rọ̀, àwọn á fi ojú ara àwọn rí i. Títí di àárín oṣù, kò yí padà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

A ti kọ́ wọn padà. Ó ku òjò.


Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje

Oòrùn. Oṣù keje, oòrùn! Mo dúró síwájú ilé ní Ìbà, mo gbójú sókè, mo ń bẹ Ọlọ́run fún òjò sókè ketekete. Obìnrin tó ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n lọ gbàdúrà yẹn nílé bàbá mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Oòrùn. Bọ̀ọ̀dá tún pè. Wọ́n ní àwọn èèyàn náà ò dúró de ìparí oṣù mọ́, wọ́n fẹ́ fún ẹlòmíràn níṣẹ́ bí Toheeb kò bá dáhùn lọ́la. Àjàgbé ní òun á dáhùn lọ́la. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí, ó ń fi ìka ka egungun ọwọ́ mi. Èmi náà ń bá a kà á.


Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni ojú ọ̀run ṣú dùùdù láti apá òkun, ìjì gbé páànù kan kọjá lójú wa, òjò sì dé bí ẹni pé wọ́n da ọkọ̀ omi nù. Obìnrin aláṣọ ń sáré kó aṣọ, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Àjàgbé fa ọwọ́ mi, ó di inú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Onímárúwá gba owó ìlọ́po méjì, ó ní ẹni tó ń jáde sínú irú òjò yìí, yálà ó jalè, yálà ó ń rọbí.

Ọ̀gá Joseph ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa! Wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n gbé agbòjò ńlá dání, Bàbá Akínkúnmi sì fi ọ̀pá júwe níwájú wọn láti ilé dé ilé. A tẹ̀lé wọn nínú ẹrẹ̀. Ó ṣókùnkùn lọ́sàn-án bí ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, bí iná kan bá ń ṣẹ́jú, a ò ní í ṣàì rí i. Mo di apá Àjàgbé mú, mo ń wo abẹ́ òrùlé kọ̀ọ̀kan. Ilé Bàbá, kò sí. Ilé tó tẹ̀lé e, kò sí. Ilé ìyá aládùúrà, kò sí. Inú ìyá náà ò tilẹ̀ dùn, wọ́n ní ta ló lé ẹ̀mí lọ? A dé ilé tó gbẹ̀yìn, omi ń ṣàn lórí ike iná náà bí ẹ̀rọ omi. Ṣókùnkùn. Ọ̀gá Joseph na ọwọ́, wọ́n tẹ súìṣì. Ó tàn wàá! Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó kú. Kú pátápátá.

Wọ́n pa agbòjò wọn dé nínú òjò níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Òkùnkùn tó dáa jù tí mo rí láyé mi nìyí. Ẹ wá kó ìyókù iṣẹ́ yín lọ́la."

Àjàgbé ti ń tẹ fóònù kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ó fi ọwọ́ bò ó kí omi má wọ inú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá! Kò tàn! Kò sí èyí tó tàn nínú gbogbo rẹ̀!"

Mo gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá Ọlátúnjí láti Sókótó lọ́hùn-ún. "Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Má bọkàn jẹ́. Ìgbà wo lo máa gbéra?"

"Mi ò bọ̀ mọ́, Bọ̀ọ̀dá! Mo ní kò tàn!"

"Iná kò tàn, ò ń fò sókè? Toheeb, gbé fóònù fún ìyàwó ẹ, ká bá ẹni tí orí rẹ̀ pé sọ̀rọ̀."

Ó gbé e lé mi létí. Mo la ẹnu kí n kí wọn, kí n ṣàlàyé fún wọn dáadáa bí ọmọlúàbí. Ẹ̀rín ló ń jáde, òjò sì ń wọ̀ mí lẹ́nu.